Design thinking fún ìṣòro tó ta kókó nínú ilé-iṣẹ́: kí la ó ṣe gan-an, ibo ló sì ti máa ń forí ṣánpọ́n?

#1 Akọ̀wé_Ìlànà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan tó ní òṣìṣẹ́ 300 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ̀ka kan bá fẹ́ ra nǹkan, wọn á kọ fọ́ọ̀mù. Olórí ẹ̀ka á buwọ́ lù ú, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ìrajà, ó di ọ̀dọ̀ akáǹtì, ó di ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀, kó tó wá dé iwájú ọ̀gá àgbà. Ìbuwọ́lù márùn-ún. Gbogbo wọn ló ń ké pé ó ń pẹ́, olúkúlùkù sì ń nàka sí ẹ̀ka mìíràn. Wọ́n ti ra sọ́fítíwia sí i. Ìdádúró náà kàn kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sínú kọ̀ǹpútà ni.

Àwọn aláṣẹ wá ní kí wọ́n lo design thinking, ìyẹn ọ̀nà ìyanjú ìṣòro tó ń bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ kàn: ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì, bébà alálẹ̀mọ́ lára ògiri, kí ojútùú jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìgbésẹ̀ márùn-ún tí d.school, ilé-ẹ̀kọ́ design ní Yunifásítì Stanford, fi ń kọ́ni kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ wa níbí: ẹ lóye ẹni tọ́rọ̀ kàn, ẹ sọ ohun tí ìṣòro náà jẹ́ gan-an, ẹ kó èrò jọ, ẹ ṣe àwòṣe (ẹ̀dà ráńpẹ́ tí ẹ fi máa gbìyànjú èrò náà), ẹ dán an wò. Nígbà tó jẹ́ pé àjọṣe ẹ̀ka sí ẹ̀ka là ń tún ṣe, tí kì í ṣe ọjà, kí ni iṣẹ́ inú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Èèyàn mélòó? Ọjọ́ mélòó? Ibo ló ti máa ń bàjẹ́?

#2 Atọpinpin

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e kalẹ̀ báyìí. Ọjọ́ méjì ò lè tó o, ẹ jẹ́ káwọn aláṣẹ tètè gbọ́ ọ.

Àwọn onímọ̀ méjì, Horst Rittel àti Melvin Webber, ti ṣàlàyé irú ìṣòro yìí lọ́dún 1973. Kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn fara mọ́, kò síbi téèyàn ti lè sọ pé ó parí, ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan sì ń fi àpá sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìlànà tuntun jáde tí kò ṣiṣẹ́, ẹ ò ní padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àtúnṣe mọ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àdánwò àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ kéré débi pé, bó bá kùnà, kò ní ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Kí ẹ tó fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò, ẹ tọpasẹ̀ fọ́ọ̀mù. Ẹ mú 20 nínú àwọn tó parí lóṣù tó kọjá. Ẹ má ṣe ṣa àwọn tó dára lẹ́sà: bí fọ́ọ̀mù 400 bá parí, ẹ mú ẹyọ kan nínú ogún-ogún bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àkókò mẹ́ta sílẹ̀: ìgbà tó dé, ìgbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣí i, ìgbà tó kúrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé àkókò tí ọwọ́ fi kàn án kò ní tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò tó fi sùn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá dá padà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó dá a padà fi kọ ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá lo ìṣirò tí onímọ̀ kan, John Little, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961. Ẹ ka iye fọ́ọ̀mù tó wà lójú ọ̀nà, ẹ fi iye tó ń parí lóòjọ́ pín in. 240 lójú ọ̀nà, 20 ń parí lóòjọ́: ọjọ́ 12 ni fọ́ọ̀mù kan ń lò, ká sún un síwá sẹ́yìn díẹ̀. Bí 240 yẹn ò bá dín kù, tí 20 yẹn ò sì pọ̀ sí i, kò sí ìpàdé tó lè dín ọjọ́ náà kù. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá sì dá padà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tò sórí ìlà. Ibẹ̀ gan-an ni 240 ti máa ń wá.

#3 Olùfetísílẹ̀

Mo fara mọ́ ohun tí Atọpinpin sọ, àmọ́ aago ò lè sọ ìdí tí fọ́ọ̀mù fi sùn. Èèyàn ló lè sọ ọ́.

Lórí iye èèyàn: wọ́n á sọ fún yín pé ẹni márùn-ún ti tó. Ẹ ṣọ́ra. Iṣẹ́ àwọn olùṣèwádìí Jakob Nielsen àti Thomas Landauer ti 1993 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ẹnì kan tó bá lo ojú kọ̀ǹpútà kan máa ń tú nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àbùkù rẹ̀ síta. Tí ẹni márùn-ún bá lò ó, ó di bíi 85. Ojú kọ̀ǹpútà kan ni, irú òǹlò kan náà ni. Àpẹẹrẹ tiwa yìí ní ipò márùn-ún, àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù ṣìkẹfà wọn. Ẹni márùn-ún lápapọ̀ kò kan ipò kọ̀ọ̀kan lẹ́nì kan pàápàá.

Olùṣèwádìí Greg Guest àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2006 pé nínú àwùjọ tí ipò wọn jọra, ohun tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá ẹni 12 lẹ́nu wò. Nítorí náà, ẹ bá 8 sí 12 sọ̀rọ̀ nínú àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù, torí àwọn ló pọ̀ jù. Ní ẹ̀ka ìrajà, akáǹtì àti ọ́dítọ̀, ẹ bá ẹni mẹ́ta-mẹ́ta sọ̀rọ̀, tàbí gbogbo wọn bí wọn ò bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 fún ẹnì kan, èèyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ yín: ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń kọ. Ọ̀gá wọn kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òun ló máa yan ẹni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè "kí ni ìṣòro yín?" kò wúlò. Ìdáhùn tí wọ́n ti máa ń fún àwọn aláṣẹ ni wọ́n á tún fún yín. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́ọ̀mù tí ẹ dá padà kẹ́yìn hàn mí. Kí lẹ kọ́kọ́ wò lórí rẹ̀? Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Chris Argyris, onímọ̀ nípa ìṣe ilé-iṣẹ́, ti la èyí yé wa tipẹ́: ìlànà téèyàn ń fẹnu sọ pé òun ń tẹ̀ lé àti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀.

Ohun kan sì wà tí mi ò ní fẹ́ kí ẹ gbójú fò. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí níkọ̀kọ̀. Ẹ ó rí akáǹtì tó ní ìwé àjákọ nínú dúrọ́ọ̀, tó ti fi rúlà fa ìlà sí i: nọ́ńbà fọ́ọ̀mù, orúkọ ẹni tó mú un wá, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí òun fà á lé lọ́wọ́, níbi tí ẹni náà ti buwọ́ lù ú pé òun gbà á. Sọ́fítíwia ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹni tó tún wá ń fi ọwọ́ kọ ọ́ ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà wo ni ìwé náà ti gbà á sílẹ̀ rí? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn á kọ́ yín ju ìpàdé ọjọ́ kan lọ. Àmọ́ ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dé etí ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́, ẹnu gbogbo àwọn tó kù á di pípa.

#4 Akọ̀wé_Ìlànà

Ẹ ṣeun gan-an. Ká ní a ti ṣe gbogbo ìyẹn, àkíyèsí 150 ló wà lára ògiri. Báwo la ṣe ń ti ibẹ̀ dé orí gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ìṣòro náà? Ibẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń há.

#5 Alágbẹ̀dẹ_Èrò

Wọ́n ń há níbẹ̀ torí pé wọ́n ń kó bébà jọ lábẹ́ orúkọ ẹ̀ka: ti akáǹtì níbí, ti ọ́dítọ̀ lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá tò ó bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn ló máa jáde. Ẹ tò ó lábẹ́ ohun tí èèyàn ń gbìyànjú láti ṣe tàbí láti yẹra fún: "mo fẹ́ mọ ibi tí fọ́ọ̀mù mi wà", "n kò fẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè lẹ́yìn ọdún méjì", "mi ò mọ iye tó kù nínú owó ẹ̀ka wa". Ẹ ó rí i pé bébà láti ẹ̀ka mẹ́ta yàtọ̀ síra á bọ́ sábẹ́ àkọlé kan. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ dì mú.

Ẹ wá kọ ọ́ bí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "báwo la ṣe lè". Ẹ wo mẹ́ta yìí:

"Báwo la ṣe lè mú kí akáǹtì yára sí i?" Ẹ̀bi ti wà nínú rẹ̀, akáǹtì ò ní dá sí i mọ́.

"Báwo la ṣe lè mú kí ìrajà dára sí i?" Ó fẹ̀ jù. Ẹnikẹ́ni lè dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ka àkíyèsí kan lára ògiri.

"Báwo la ṣe lè mú kí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù mọ̀, kó tó fà á kalẹ̀, ohun tó máa mú kí wọ́n dá a padà?" Èyí ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó tọ́ka sí àsìkò kan, sí ẹnì kan, sí ohun kan tó sọnù, kò sì sọ bóyá sọ́fítíwia ni tàbí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Ẹ kọ irú rẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbé wọn lọ bá èèyàn méjì ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n pé: "Bí a bá dáhùn èyí, kí ló máa yí padà nínú iṣẹ́ yín lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀?" Èyí tí kò bá yí nǹkan kan padà fún ẹnì kankan, ẹ jù ú nù, bó ti wù kó dùn létí tó.

Ibi tí ohun táwọn kan ń fẹ́ bá ti ta ko tàwọn mìíràn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Olùkọ fọ́ọ̀mù fẹ́ ìyára. Ọ́dítọ̀ fẹ́ kí ohun tó lè di ẹjọ́ má kọjá níwájú òun. Ẹ kọ méjèèjì sórí bébà kan náà, kí ẹ sì sọ pé ojútùú tó bá pa ọ̀kan lára kò tíì jẹ́ ojútùú.

#6 Alátakò_Rere

Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ mo fẹ́ béèrè. Ohun tí Atọpinpin sọ ní #2, ìṣirò lásán ni. Fọ́ọ̀mù ń pẹ́ torí pé wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń dá a padà torí pé kóòdù owó kò pé. Ẹ tẹ kóòdù sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ó tán. Kí la tún ń fi design thinking ṣe? Àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi orúkọ ńlá sún ìpinnu kékeré síwájú ni.

#7 Atọpinpin

Alátakò, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Bí gbogbo ẹ̀ka bá gbà pé ohun kan ló fà á, tí ẹnì kan sì lè tún un ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ tún un ṣe lónìí. Ẹ má pe ìpàdé kankan.

Ọ̀ràn ìbuwọ́lù márùn-ún ni kóòdù ò lè yanjú. Ẹ mú fọ́ọ̀mù 100 tó kẹ́yìn, kí ẹ ka iye tí ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan kọ̀ tàbí yí padà. Ká ní ọ́dítọ̀ kò dá ẹyọ kan dúró nínú 100. Ẹni tó ń kánjú á ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìdí méjì ni kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, òdo nínú 100 kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ìṣirò ṣì fàyè gbà á pé kó tó bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ló wúwo jù: ó lè jẹ́ pé mímọ̀ tí àwọn èèyàn mọ̀ pé ọ́dítọ̀ á rí i ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù tí kò tọ́ wá. Ìbuwọ́lù náà ń ṣiṣẹ́ láìdá ohunkóhun dúró.

Aago ò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì fún yín, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan ò sì lè sọ ọ́. Ẹ ní láti yí nǹkan padà díẹ̀, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ àwòṣe nìyẹn.

#8 Olùdánwò

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀, torí ibi tí owó àti ọjọ́ ti ń ṣòfò jù nìyí.

Lórí kíkó èrò jọ, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní: ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Láti 1958 tí àwọn olùṣèwádìí Taylor, Berry àti Block ti dán an wò ní Yunifásítì Yale ni a ti mọ̀ pé ẹni mẹ́rin tó dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń mú èrò jáde ju ẹni mẹ́rin tó jókòó papọ̀ lọ. Àwọn olùṣèwádìí mìíràn, Diehl àti Stroebe, fi hàn ní 1987 pé dídúró kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tán wà lára ohun tó fà á jù lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́kẹ́ pa, kí olúkúlùkù kọ tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kà á síta. Nínú ilé-iṣẹ́ tó ní ipò gíga àti ipò kékeré, ó tún ní àǹfààní mìíràn: ọ̀gá ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó wá kan àwòṣe. Nínú irú ìṣòro yìí, òfin lẹ ń ṣe àwòṣe rẹ̀. Ojú sọ́fítíwia kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń lọ ya ojú-ìwé aláràbarà torí pé ó rọrùn láti fi han aláṣẹ, òfin tó ń dá fọ́ọ̀mù dúró ò sì yí padà rárá.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lórí tábìlì. Ìṣẹ́jú 90, èèyàn mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ipò kan, ẹ̀dà fọ́ọ̀mù 12 tó ti ṣẹlẹ̀ rí tí ẹ ti pa orúkọ inú wọn rẹ́. Mẹ́ta nínú wọn kí ó ní àṣìṣe tí ẹ mọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún dúró fún ọjọ́ kan. Ẹ fi òfin àtijọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó fi òfin tuntun ṣe é. Bí òfin tuntun bá jẹ́ kí fọ́ọ̀mù tó ní àṣìṣe kọjá, ẹ ti rí i kó tó di ẹjọ́. Ẹ tún máa rí ohun tí kò sí lórí bébà: ẹni tó ń ṣe akáǹtì á dìde lọ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìrajà, ìrìn yẹn kò sì sí nínú ìlànà kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka kan ṣoṣo, ọjọ́ iṣẹ́ 15. Fún àpẹẹrẹ: fọ́ọ̀mù tí owó rẹ̀ bá kéré sí iye tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí kò ní gba ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀ kọjá ṣáájú, ọ́dítọ̀ á yẹ ọ̀kan nínú márùn-ún wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra nǹkan náà tán, kí ó fà á bí ẹni ta tẹ́tẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó máa kàn. Ẹ̀rù tí Atọpinpin sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ìlà ọ́dítọ̀ sì fúyẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ohun tí ẹ retí, ohun tí ẹ máa wọ̀n, àti ohun tó máa mú kí ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Nínú wíwọ̀n ọjọ́, ẹ má lo ìpíndọ́gba, torí fọ́ọ̀mù kan tó sọnù fún ọjọ́ 60 á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ to àwọn ọjọ́ náà láti orí kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ẹ sì máa ka iye tí wọ́n dá padà lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá rò pé òfin ò ṣeé ṣe àwòṣe rẹ̀, kó wo Kaiser Permanente, àjọ ìlera tó ní ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì wọn àti IDEO, ilé-iṣẹ́ design kan, jọ ṣe lórí pàṣípààrọ̀ iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wọlé máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́ níbi tábìlì wọn, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń lọ. Wọ́n gbé ìfọ̀rọ̀lélẹ̀ náà lọ síwájú aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n fi sọ́fítíwia ráńpẹ́ tì í lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ṣe àwòṣe tó ń ṣiṣẹ́. Àkókò tó wà láàárín ìgbà tí nọ́ọ̀sì dé àti ìgbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn dín kù ju ìdajì lọ. Ibi tí wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n yí padà.

#9 Olùfetísílẹ̀

Olùdánwò, ẹ̀ka wo lẹ máa lò? Mo béèrè torí pé àwọn aláṣẹ á fẹ́ fi ẹ̀ka tó mọ́ wọn lára jù ṣe é, níbi tí ọ̀gá ibẹ̀ ti fẹ́ràn ohun tuntun.

#10 Olùdánwò

Ẹ ò gbọdọ̀ gbà á. Ẹ mú ẹ̀ka tí ọjọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà láàárín, kì í ṣe èyí tó yára jù tàbí èyí tó burú jù. Ẹ tún mú ẹ̀ka kejì tó jọ ọ́, kó máa lo òfin àtijọ́ lọ, kí ẹ máa wọn àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá mú èyí tó burú jù, yóò sunwọ̀n díẹ̀ bó ti wù kó rí, torí pé ohun tó ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá sábà máa ń gòkè fúnra rẹ̀. Ẹ ó wá rò pé òfin tuntun ló ṣe é. Kí fọ́ọ̀mù inú àdánwò sì má ṣe wà nínú fáìlì aláwọ̀ ọ̀tọ̀. Àwọn tó rí i á tètè ṣe é torí àwọ̀ rẹ̀.

#11 Alátakò_Rere

Ó yé mi báyìí, mo gba ti òfin yẹn. Àmọ́ ta ló máa jẹ́ kí ẹ sún òfin ọ́dítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọjọ́ 15? Ìgbìmọ̀ design thinking ò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀.

#12 Alágbẹ̀dẹ_Èrò

Ìbéèrè tó yẹ kó wà ní #1 nìyẹn. Ní tèmi, ibí ni iṣẹ́ yìí ti ń kú jù, ju ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí kò dára lọ. Ìgbìmọ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n mú àbá tó dára wá, ni wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ẹni tó pè wọ́n kò ní àṣẹ lórí òfin tó ń fa ìṣòro.

Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó mú bíró. Kó sọ àwọn òfin tí ẹ lè dán wò, èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn torí pé òfin ìjọba ni, ìgbà tí àdánwò fi máa wà, orúkọ ipò ẹni tó máa pinnu nígbà tó bá parí, àti ọjọ́ tí ìpinnu yẹn á wáyé. Kó tún sọ ẹni tó máa ru ẹ̀bi bí fọ́ọ̀mù kan bá gba ibi àdánwò kọjá lọ́nà tí kò tọ́. Ẹni tó ní òfin ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó sì wà nínú ìgbìmọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó bá yín jókòó síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì ó kéré tán, ní ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ buwọ́ lù ú, ìyẹn gan-an ni àbájáde àkọ́kọ́ yín. Ẹ gbé e padà fún àwọn aláṣẹ bó ṣe wà. Ẹ má fi ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì bò ó mọ́lẹ̀.

Lórí ọjọ́, fún ilé-iṣẹ́ bí èyí: ọ̀sẹ̀ kan fún ojú-ìwé yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì fún ipa fọ́ọ̀mù àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀sẹ̀ kan fún ìbéèrè àti èrò, ọ̀sẹ̀ kan fún ti orí tábìlì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún àdánwò. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ìgbìmọ̀, kí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ yìí nìkan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán ṣe é kò ní lè bá a dópin.

#13 Akọ̀wé_Ìlànà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ó ku ẹyọ kan: bí àdánwò bá yọrí sí rere, kí ló ń mú kí ohun àtijọ́ padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀?

#14 Atọpinpin

Fọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Ẹ kó o kúrò lójú gbogbo ẹ̀ka lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ yọ àyè ìbuwọ́lù tí kò sí mọ́ kúrò nínú sọ́fítíwia. Àyè tó bá ṣófo, ẹnì kan á wá ẹni tó máa buwọ́ lù ú. Ẹ kọ òfin tuntun sínú ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti ipò ẹni tó fọwọ́ sí i, torí òṣìṣẹ́ tuntun àti ọ́dítọ̀ tó bá ti ìta wá, ìwé yẹn ni wọ́n máa kà. Ẹ tún ka fọ́ọ̀mù tó wà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ 30 àti ọjọ́ 90, pẹ̀lú ìṣirò kan náà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì padà lọ wo akáǹtì yẹn, bóyá ó ṣì ń kọ orúkọ sínú ìwé inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣì ń kọ ọ́, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣì ń bà á lẹ́rù, torí ibẹ̀ ni àyípo kejì iṣẹ́ yín á ti bẹ̀rẹ̀.